Ilẹ̀kùn Gáréèjì Tí Kò Fẹ́ Pa Dé: Ìtàn Rẹ̀ ní Amẹ́ríkà

Ilẹ̀kùn gáréèjì aládàáṣiṣẹ́ ni ilẹ̀kùn fífẹ̀ tó wà níwájú yàrá tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sí nínú ilé wọn. Ẹ̀rọ ló ń fà á sókè, ẹ̀rọ náà ló sì ń dá a padà sílẹ̀, bí onílé bá ti tẹ bọ́tìnì. Nínú gbogbo ẹ̀sùn tí wọ́n ń fi kan ilẹ̀kùn yìí, èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé kì í fẹ́ pa dé: yóò sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì, tàbí kó ku díẹ̀ kó kan ilẹ̀, yóò sì ṣẹ́rí padà sókè. Onílé á ní ó ti bàjẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sóhun tó bàjẹ́ lára rẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ ló kọ́ ọ láti máa ṣẹ́rí padà, ikú àwọn ọmọdé ló sì bí òfin náà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe ilẹ̀kùn rẹ̀ yóò rí ìdáhùn nínú ìtàn bí ẹ̀rọ náà ṣe dé ibi tó dé, nítorí ìgbà kọ̀ọ̀kan nínú ìtàn ọ̀hún ló fi àrùn tirẹ̀ sílẹ̀ sí i lára.

Nígbà tí Ford bẹ̀rẹ̀ sí í ta Model T ní 1908, inú ilé tí wọ́n kọ́ fún ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé ọkọ̀ wọn sí. Ilẹ̀kùn irú ilé bẹ́ẹ̀ máa ń ní apá méjì, igi tó nípọn ni, ó sì ń ṣí síta lórí híǹjì. Ẹlẹ́ṣin kò rí wàhálà nínú rẹ̀. Ẹni tó ni mọ́tò rí i, pàápàá ní àwọn ìpínlẹ̀ àríwá tí òjò dídì ti ń ga tó orúnkún lójú kan. Kí ilẹ̀kùn tó lè ṣí síta, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ṣọ́bìrì kó òjò dídì kúrò níwájú rẹ̀. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, á gbá ilẹ̀kùn mọ́ ara ọkọ̀. Ìwúwo igi náà fúnra rẹ̀ máa ń fa híǹjì walẹ̀ títí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn á fi máa wọ́ nílẹ̀. Àwọn kan ṣe ilẹ̀kùn tó ń yọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n ìyẹn ń fẹ́ ògiri tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn náà gan-an, ilé kékeré kò sì ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Títí iṣẹ́ fi dópin lórí Model T ní 1927, iye tí Ford ti ṣe ju mílíọ̀nù 15 lọ. Kò sí bí ilẹ̀kùn ilé ẹṣin ṣe lè sin gbogbo wọn.

Ní 1921, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ C. G. Johnson ṣe ilẹ̀kùn tó ń gòkè dípò kó ṣí síta. Ó gé ilẹ̀kùn náà sí pátákó tó gùn ní ìbú, ó fi híǹjì so wọ́n pọ̀, ó sì fi táyà kéékèèké sí etí wọn. Inú irin tó ní ihò gbọọrọ ni àwọn táyà náà ń rìn: irin ọ̀hún dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó tẹ̀ kọrọdọ lókè, ó sì nà gbọọrọ lábẹ́ àjà. Bí wọ́n bá gbé ilẹ̀kùn sókè, yóò ká ara rẹ̀ gba kọ́rọ́ náà, yóò sì lọ sùn sí abẹ́ àjà, kò ní gba àyè kankan níwájú ilé tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Johnson gbé àwòṣe kékeré ilẹ̀kùn yìí kọ́ ẹ̀yìn Model T tirẹ̀, ó sì ń wà á kiri Amẹ́ríkà láti wá àwọn tí yóò máa bá a tà á. Overhead Door ni wọ́n ń pe ilé iṣẹ́ rẹ̀, ìlú Hartford City ní Indiana ló sì fìdí kalẹ̀ sí. Bí ilẹ̀kùn gáréèjì ṣe rí lónìí kò yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí tó gbé kọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn.

Ohun tó jẹ́ kí ilẹ̀kùn náà ṣeé gbé ni sípíríǹgì. Ilẹ̀kùn onígi tó fẹ̀ tó ọkọ̀ méjì lè wúwo tó 300 pọ́n-ùn, kò sì sí arúgbó tàbí aláboyún tó lè máa gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lárọ̀ọ́ àti lálẹ́. Wọ́n wá lọ́ sípíríǹgì mọ́ ọ̀pá irin lókè ilẹ̀kùn, tàbí kí wọ́n na án sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n sì fi okùn wáyà so ó mọ́ ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn. Bí ilẹ̀kùn bá ń sọ̀, sípíríǹgì ń le sí i. Bó bá ń gòkè, agbára tó ti wà nínú rẹ̀ ló ń bá a gbé e. Sípíríǹgì ló ń ru ẹrù. Ọwọ́ ènìyàn, tàbí ẹ̀rọ, kàn ń tì í ni. Ọ̀pọ̀ onílé kò mọ èyí, wọ́n sì máa ń bínú sí ẹ̀rọ nígbà tó jẹ́ pé sípíríǹgì ló ti rẹ̀. Sípíríǹgì tó wọ́pọ̀ ni wọ́n ń ṣe láti ṣí, kó sì pa dé, ní ìgbà 10,000. Ilé tó bá ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́ yóò ti lo iye yẹn tán kó tó pé ọdún méje.

Láti mọ̀ bóyá sípíríǹgì ló fa ìṣòro, wọ́n máa ń pa ilẹ̀kùn dé, wọ́n á fa okùn pupa tó ń já ilẹ̀kùn kúrò lára ẹ̀rọ, wọ́n á sì fi ọwọ́ gbé ilẹ̀kùn dé ìdajì. Bí sípíríǹgì bá dára, ilẹ̀kùn á dúró síbẹ̀. Bó bá já wálẹ̀ tàbí tó ń sáré lọ sókè, ìwúwo rẹ̀ kò bá agbára sípíríǹgì dọ́gba mọ́, ẹ̀rọ tó ń wọn agbára tó ń lò yóò sì rò pé nǹkan ló dí ọ̀nà. Irin tí táyà ń rìn nínú rẹ̀ náà lè tẹ̀, bí ọkọ̀ bá kọ lù ú, kí ilẹ̀kùn sì máa há lójú kan náà lójoojúmọ́. Irin ẹ̀gbẹ́ ṣeé tún ṣe fún ẹni tó ní òòlù àti sùúrù. Sípíríǹgì kò rí bẹ́ẹ̀ rárá: agbára tó wà nínú èyí tí wọ́n lọ́ pọ̀ débi pé ó lè ṣẹ́ apá, ó sì lè pa ènìyàn, iṣẹ́ oníṣẹ́ nìkan sì ni.

Johnson kan náà ló ṣe ẹ̀rọ oníná mànàmáná tó ń gbé ilẹ̀kùn sókè ní 1926, nítorí àwọn tí agbára wọn kò ká ilẹ̀kùn wúwo. Fún bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ yìí wà fún àwọn olówó. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni àwọn àdúgbò tuntun tàn káàkiri ẹ̀yìn ìlú ńláńlá, tí gáréèjì sì di ara ilé, tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń gba ibẹ̀ wọlé ju ẹnu ọ̀nà iwájú lọ. Ní 1954, ilé iṣẹ́ Alliance ní ìpínlẹ̀ Ohio gbé Genie jáde, ẹ̀rọ tí ènìyàn lè fi ìgbì rédíò pàṣẹ fún láti inú ọkọ̀. Ẹni tó bá dé nínú òjò lóru kò ní láti sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

Rédíò mú ìṣòro tirẹ̀ wá. Àwọn rìmóòtù àkọ́kọ́ kò ní ju ìgbì kan lọ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́, ẹ̀rọ tó bá sì gbọ́ ìgbì náà ń jẹ́ ẹ, yálà tiẹ̀ ni wọ́n ń bá wí tàbí ti aládùúgbò. Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì sílẹ̀ lálẹ́ ni wọ́n ń bá ní ṣíṣí láàárọ̀. Nígbà tó ṣe, àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ fi ìlà bọ́tìnì wínníwínní, láti 8 dé 12, sínú rìmóòtù àti sínú ẹ̀rọ, kí àwọn méjèèjì lè ní kóòdù kan náà. Bọ́tìnì 8 ń fúnni ní kóòdù 256, 12 sì ń fúnni ní 4,096. Ìyẹn tó láti fi ya aládùúgbò sọ́tọ̀, kò tó láti fi lé olè. Ní àárín àwọn ọdún 1990 ni kóòdù tó ń yí padà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tẹ rìmóòtù dé, tí èyí tí wọ́n ti lò lẹ́ẹ̀kan kò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́. Bí ti ìṣáájú ṣe rọrùn láti já tó hàn kedere ní 2015, nígbà tí Samy Kamkar, onímọ̀ nípa ààbò kọ̀ǹpútà, tún ohun ìṣeré ọmọdé kan tó jẹ́ ti Mattel ṣe, tó sì fi ń dán gbogbo kóòdù tó ṣeé ṣe wò láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10.

Ohun tó burú jù nínú ẹ̀rọ ìgbà àkọ́kọ́ kì í ṣe ti olè. Ẹ̀rọ náà kò ríran, kò sì mọ ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ìgbà tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó yẹ kó dúró nìkan ló mọ̀. Bí àpótí bá wà lábẹ́ rẹ̀, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ọmọ bá wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ìwúwo ilẹ̀kùn àti agbára ẹ̀rọ ló ń pàdé lórí àyà ọmọ náà, kò ní lè mí, ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ti tó. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn bọ́tìnì, wọ́n sì ń fi ilẹ̀kùn tó ń sọ̀ ṣeré ìje: tẹ bọ́tìnì, sáré, yọ́ gba abẹ́ rẹ̀ kó tó kan ilẹ̀. Àwọn kan kò yọ.

Ní 1973, Underwriters Laboratories, àjọ tó ń dán ohun èlò wò ní Amẹ́ríkà, gbé ìlànà UL 325 jáde fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Láti 1982, ìlànà náà béèrè pé bí ilẹ̀kùn tó ń sọ̀ bá kan ohun kan lórí ilẹ̀, kó ṣẹ́rí padà sókè láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2. Ibí yìí gan-an ni ilẹ̀kùn ti kọ́kọ́ kọ́ láti kọ̀. Ẹ̀kọ́ náà kò kún. Ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kan ọmọ náà kó tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ìṣẹ́rípadà náà sì dúró lórí bí wọ́n ṣe tò ó. Bí onílé bá ti yí agbára ẹ̀rọ sókè nítorí sípíríǹgì tó ti rẹ̀, ilẹ̀kùn lè kan ènìyàn kó má ṣẹ́rí. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ààbò lórí ọjà tí aráàlú ń rà ka nǹkan bí ọmọ 60, láti ọmọ ọdún 2 dé 14, tí ilẹ̀kùn gáréèjì aládàáṣiṣẹ́ há mọ́lẹ̀ tó sì pa láti oṣù Kẹta 1982, nǹkan bí mẹ́rin lọ́dọọdún.

Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ dá sí i ní 1990. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún náà sọ ìlànà UL 325 di dandan fún gbogbo ẹ̀rọ ilẹ̀kùn gáréèjì ilé gbígbé tí wọ́n bá ṣe láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní 1991. Láti ọjọ́ kan náà ní 1993, ẹ̀rọ tuntun gbọ́dọ̀ ní ohun kejì tí yóò dá ilẹ̀kùn dúró yàtọ̀ sí ìṣẹ́rípadà ti inú rẹ̀: yálà etí rọ́bà tó ń mọ ìfọwọ́kàn ní ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn, tàbí ojú iná méjì tó dojú kọ ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ojú iná ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ yàn.

Ojú iná kì í ṣe ohun tuntun nígbà náà. Ní 1931, àwọn ẹlẹ́rọ méjì ní ilé iṣẹ́ Stanley Works, Horace Raymond àti Sheldon Roby, ti fi í sí ẹnu ọ̀nà ilé oúnjẹ kan tó ń jẹ́ Wilcox's Pier ní West Haven, Connecticut, kí àwọn tó ń gbé àwo oúnjẹ lè kọjá láìfọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Ọgọ́ta ọdún ó lé díẹ̀ ló wà láàárín ilẹ̀kùn yẹn àti ọdún 1993. Ìmọ̀ náà wà nílẹ̀ ní gbogbo àkókò tí ilẹ̀kùn gáréèjì fi ń pa ọmọ, ohun tí ó gbà kò sì wọ́n. Ó ṣòro láti rí àwáwí fún un pé ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó dé ibi tí wọ́n ti nílò rẹ̀ jù.

Bí ojú iná ṣe ń ṣiṣẹ́ ló ṣàlàyé èyí tó pọ̀ jù nínú ìjà onílé pẹ̀lú ilẹ̀kùn rẹ̀ lónìí. Ọ̀kan ń rán ìtànṣán tí ojú ènìyàn kò lè rí, èkejì ń gbà á. Wọn kò gbọ́dọ̀ ga ju íǹṣì 6 lọ sí ilẹ̀, kí ọmọ tó ń rákò tàbí tó sùn sílẹ̀ má bàa bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Bí ohunkóhun bá gé ìtànṣán náà nígbà tí ilẹ̀kùn ń sọ̀, ilẹ̀kùn á ṣẹ́rí. Àwọn tó kọ ìlànà náà tún ro nǹkan kan tó jinlẹ̀: ojú tó fọ́ kò gbọ́dọ̀ rí bí ojú tó ríran. Bí wáyà bá já, bí iná ojú kan bá kú, bí wọn kò bá tilẹ̀ so ó mọ́ ẹ̀rọ rárá, ẹ̀rọ á gbà pé ènìyàn wà lábẹ́ ilẹ̀kùn. Rìmóòtù kò ní lè pa á dé. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù ni kí ènìyàn dúró nídìí bọ́tìnì ara ògiri, kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kó má sì jọ̀wọ́ rẹ̀ títí ilẹ̀kùn fi kan ilẹ̀, nítorí ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yóò máa fi ojú ara rẹ̀ wo abẹ́ ilẹ̀kùn. Bí ilẹ̀kùn bá pa dé nígbà tí wọ́n di bọ́tìnì mú, tó sì kọ̀ nígbà tí wọ́n kàn tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ojú iná ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Àyẹ̀wò náà kò le. Iná kékeré wà lára ojú kọ̀ọ̀kan. Lára ẹ̀rọ ilẹ̀kùn tí ilé iṣẹ́ Chamberlain ń ṣe, ojú tó ń ránṣẹ́ ní iná aláwọ̀ òféfèé, èyí tó ń gbà ní aláwọ̀ ewé, àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ tàn gbọinyin. Bí èyí tó ń gbà bá kú tàbí tó ń ṣẹ́jú, àwọn méjèèjì kò dojú kọ ara wọn mọ́, tàbí nǹkan ti bo ojú wọn. Ìgbálẹ̀ tàbí kẹ̀kẹ́ ọmọdé tó kọ lù ú ti tó láti yí i kúrò lójú ọ̀nà. Jàǹkáríwọ̀, eruku, ewé gbígbẹ àti òjò dídì náà ń dí i. Oòrùn àárọ̀ tàbí ti ìrọ̀lẹ́ tó bá ràn wọ ojú tó ń gbà lè bo ìtànṣán mọ́lẹ̀, èyí ló ń fà á tí ilẹ̀kùn fi máa ń kọ̀ ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́ tí ara rẹ̀ á sì yá lẹ́yìn náà. Fífi ojú méjèèjì pààrọ̀ ipò, tàbí fífi ìbòrí kékeré sí i, ló ń wò ó sàn. Ohun tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe ni ohun tí àwọn onísùúrù kékeré ń ṣe: wọ́n á tú ojú méjèèjì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, wọ́n á dì wọ́n pọ̀ kí wọ́n máa wo ara wọn lábẹ́ àjà. Ilẹ̀kùn á máa pa dé wọ́ọ́rọ́wọ́. Yóò sì ti padà di ilẹ̀kùn afọ́jú tó ń pa ọmọ.

Ilẹ̀kùn tó bá kan ilẹ̀ tán kó tó padà sókè kò ní wàhálà ojú iná. Ẹ̀kọ́ 1982 ló ń tẹ̀lé. Ẹ̀rọ mọ ibi tí ilẹ̀ yẹ kó wà; bí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn bá kan nǹkan ṣáájú ibẹ̀, á ka nǹkan náà sí ènìyàn. Ní Minnesota, Michigan àti àwọn ìpínlẹ̀ bíi tiwọn, omi inú ilẹ̀ máa ń dì nígbà òtútù, á sì ti kọ́ńkéré gáréèjì sókè díẹ̀, ilẹ̀ á wá pàdé ilẹ̀kùn kó tó débi tí wọ́n tò ó sí. Gírísì náà ń le nínú òtútù, ilẹ̀kùn á sì wúwo lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Wọ́n lè tún òpin ìrìn ilẹ̀kùn tò, ṣùgbọ́n lẹ́yìn títò bẹ́ẹ̀ ni àyẹ̀wò tí àjọ ààbò ń gbani níyànjú pé kí wọ́n máa ṣe lóṣooṣù ti ṣe pàtàkì jù: kí wọ́n fi igi tó nípọn tó íǹṣì kan àti ààbọ̀ lélẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn, kí wọ́n pa ilẹ̀kùn dé lé e lórí, kí wọ́n sì wò bóyá yóò ṣẹ́rí. Bí kò bá ṣẹ́rí, kí wọ́n já a kúrò lára ẹ̀rọ títí wọn yóò fi tún un ṣe tàbí pààrọ̀ rẹ̀.

Rédíò kò tíì dákẹ́ wàhálà. Lẹ́yìn ìkọlù 11 oṣù Kẹsàn-án 2001, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lo rédíò tuntun láàárín 380 sí 399.9 mẹ́gáháàtì, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilẹ̀kùn sì wà lórí 390. Ní 2004 àti 2005, rìmóòtù àwọn tó ń gbé nítòsí bárékè, bí irú Eglin ní Florida, ṣàdédé kú lọ́wọ́ wọn. Àwọn ológun ló ni ìgbì náà lábẹ́ òfin, ẹ̀rọ ilẹ̀kùn kò sì ní ìwé àṣẹ kankan tó lè fi bá wọn du ú. Lónìí, gílóòbù LED inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ kan náà: iná rẹ̀ ń tàn bí ilẹ̀kùn bá ti ṣí, ariwo rédíò tó ń jáde lára rẹ̀ á bo rìmóòtù mọ́lẹ̀, ilẹ̀kùn tó ṣí wẹ́rẹ́ kò sì ní gbọ́ àṣẹ láti pa dé títí gílóòbù náà á fi kú. Gílóòbù mìíràn ni oògùn rẹ̀.

Òfin tó tún yí ẹ̀rọ náà padà kò tìtorí ilẹ̀kùn tí kò pa dé. Ní oṣù Kẹwàá 2017, iná igbó jó apá àríwá California lóru, ó sì gba iná mànàmáná lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀. Àwọn kan, arúgbó nínú wọn, há sínú gáréèjì, wọn kò lágbára láti fi ọwọ́ gbé ilẹ̀kùn, wọ́n sì kú. Ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin SB 969 ní 2018. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje 2019, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ta ẹ̀rọ ilẹ̀kùn gáréèjì ilé gbígbé ní California tàbí gbé e kọ́ bí kò bá ní bátìrì tí yóò ṣí i nígbà tí iná bá lọ, oníṣẹ́ kò sì gbọ́dọ̀ so ilẹ̀kùn tuntun mọ́ ẹ̀rọ àtijọ́ tí kò ní in.